Ihò Òkè Ògiri

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ooru tó mú nínú ilé ìtajà tí mò ń bójú tó ní Ugbowo pọ̀ débi pé ẹyin sísè ni adìyẹ ẹ̀yìnkùlé wa ń yé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bó ọ̀kan jẹ, iyọ̀ nìkan ni mo fi kún un. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi adìyẹ náà, bó bá ṣì wà láyé.

Mi ò kàwé jìnnà. Ìwé kẹrin ni mo wà tí èmi àti tíṣà fi forí gbárí lórí ọ̀rọ̀ pé ayé rí roboto. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ ì bá ti já bọ́. Ó nà mí, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó ń kó pákó ni mo bá wá sí Benin láti ìlú wa lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, mo ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo máa lò. Irun orí mi dúdú nígbà náà. Ó ti funfun tán báyìí, ọ̀sẹ̀ náà kò tíì pé.

Ará Èkìtì ló ni ilé ìtajà náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, alàgbà sì ni nínú ìjọ wa. Ilé náà kọjú sí títì tó lọ sí Èkó, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan. Àwọn tó ń bá ènìyàn fi owó pamọ́ ló gba gbogbo òkè, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tí wọn kì í pa láti àárọ̀ títí wọ́n á fi lọ sílé. Ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Ìyá kan ń ṣe irun níbẹ̀, ọkùnrin kan ń ta oògùn òyìnbó, àwọn kan ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí ẹ̀yìn ni ti ọ̀rẹ́ mi, tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì di pírọ́jẹ́ẹ̀tì wọn, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń parí ẹ̀kọ́. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, tí mò ń ṣílẹ̀kùn, tí mò ń parí ìjà, tí mo sì ń dá òmíràn sílẹ̀ nígbà tí ilé bá dákẹ́ jù.

Ọ̀rẹ́ mi yìí, Ìjẹ̀ṣà ni. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, kò sì gba ohunkóhun tó bá ti ẹnu mi jáde gbọ́. A jọ máa ń jókòó sí iwájú ilé nígbà tí iṣẹ́ kò bá sí. Bí mo bá ní òjò ń bọ̀, á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta ná, á yí àtẹ́lẹwọ́ padà, á tún un yí, kó tó gbé àga rẹ̀ wọlé. Nígbà tí mo sọ fún gbogbo ilé pé òjòlá kan ń gbé inú táńkì omi tó wà lókè, àti pé òun ló ń mí tí ẹ̀rọ omi fi ń sọ fùù, ìyá tó ń ṣe irun kò fi omi náà fọ orí ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló wá àkàsọ̀ tó gun òkè lọ wò ó. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó tutù dé orúnkún.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òjòlá náà ní kí n kí yín o.”

Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ẹni tó ń pa ìtàn, kí ló fẹ́ fi ẹni tó ń gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ ṣe? Bí ẹni ń bá ògiri ta ayò ni.

Ẹni tó kọ́ ilé náà láyé àtijọ́ fi búlọ́ọ̀kù oníhò sí òkè gbogbo ògiri, lábẹ́ àjà gan-an. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, tòun ti ẹyẹ àti òórùn àkàrà láti òdìkejì títì. Ibẹ̀ náà ni èéfín ń gbà jáde. Iná ìjọba kì í sábà sí, nítorí náà gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tirẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló yẹ kí wọ́n máa wà, ṣùgbọ́n olè gbé ti ìyá tó ń ṣe irun lọ ní ọ̀sán gangan, nígbà tó ń tànná fún un lọ́wọ́. Ọ̀nà tí èmi gbà ń sọ ọ́ ni pé olè náà gbé e rù tòun ti ariwo rẹ̀, tó ń dún lórí rẹ̀ títí tó fi dé Uselu, tí àwọn ènìyàn sì ń yà fún un lọ́nà, wọ́n rò pé ọ̀kadà ni. Láti ọjọ́ náà ni kálukú ti wọ́ jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó fi ṣéènì so ó mọ́ irin ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló sì ti ń tàn án. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà tí mo mọ̀. Kò sí ẹni tó kà á sí. Èéfín á gòkè, á bá ihò jáde lọ. Ariwo nìkan là ń torí rẹ̀ bá ara wa jà.

Nígbà tó yá, owó iná àti owó epo ọ́fíìsì òkè, tí láńdọ́ọ̀dù ń san, fẹ́ gbé e mì. Ló bá mú ọmọbìnrin kan wá, ẹnjiníà tó ń kọ́ni ní yunifásítì. Ẹ̀gbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, Benin ni wọ́n bí i sí. Bí ẹ bá bá a sọ Yorùbá, á gbọ́ ọ délé, ṣùgbọ́n òyìnbó ló máa fi dá yín lóhùn. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan dání tó ń nà sí ara ògiri, ẹ̀rọ náà á sì fi ibi tó gbóná hàn ní pupa, á fi ibi tó tutù hàn ní àwọ̀ aró. Mo sọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù pé ohun tí kálukú jẹ lánàá ni ẹ̀rọ náà ń wò. Ọkùnrin tó ń ta oògùn bá ẹ̀yìn jáde, kò sì padà títí ọmọbìnrin náà fi lọ. Mi ò mọ ohun tó jẹ.

Ohun tí ẹnjiníà rí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lókè, ìta ló ń fẹ́ atẹ́gùn tutù rẹ̀ sí látinú àwọn ihò yẹn, bí ẹni ń fi ajádìí apẹ̀rẹ̀ pọn omi. Ó ní gílóòbù tí à ń lò, ooru inú rẹ̀ ju ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní páànù orí ilé ti dúdú, oòrùn sì ti sọ ọ́ di ibùgbé. Ó wá to iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún láńdọ́ọ̀dù. Kí wọ́n kun páànù ní funfun, kí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù. Kí wọ́n gbé sólà àti bátìrì sórí ilé, kí gbogbo jẹnẹrétọ̀ jáde kúrò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó dí ihò, òkè nìkan, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Kí wọ́n má fọwọ́ kan ti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó fi òyìnbó sọ ọ́ fún láńdọ́ọ̀dù, ó tún wo ojú àwa tó kù. Mo rò pé ó rí i pé kò wọ̀ wá létí. Ló bá wá Yorùbá kó jọ.

Ó ní, “Jẹnẹrétọ̀ kọ́kọ́ jáde. Ihò ló máa kẹ́yìn.”

A rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ohun tó sọ là ń rín, bó ṣe sọ ọ́ ni, bí ẹni ń da ewúrẹ́ lọ sí ọjà. Ìyá tó ń ṣe irun ń sín in jẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí oníbàárà bá fẹ́ dìde lórí àga, á ní, “Orí kọ́kọ́ jáde. Ẹsẹ̀ ló máa kẹ́yìn.”

Láńdọ́ọ̀dù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Owó tó ń gbà lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba, gbogbo ayé mọ̀ bó ṣe ń wá. Ó rí i pé gílóòbù àti ọ̀dà kò le, ó rí i pé síméńtì kò le, ó sì rí i pé sólà le. Ó ní ọjà sólà ń bọ̀, ó ti wà lójú omi, ká bẹ̀rẹ̀ èyí tó rọrùn ná. Wọ́n kun òrùlé, ó funfun débi pé àwọn lékelèké sọ̀ sí i, wọ́n rò pé ìyá wọn ni. Wọ́n pààrọ̀ gílóòbù. Ó tún lọ ra ilẹ̀kùn onígíláàsì sí iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, irú èyí tó ń ti ara rẹ̀ padà, nítorí ó rí irú rẹ̀ ní báńkì. Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà dé láti dí ihò òkè.

Ó dí ti òkè tán, síméńtì ṣẹ́kù nínú páànù rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bi wá pé ṣé kí òun dà á nù. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Èwo nínú wa ló máa ní kí wọ́n da síméńtì nù? Wọ́n tọ́ wa, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fi hóró ìrẹsì kan sílẹ̀ nínú àwo.

Láńdọ́ọ̀dù ní, “Síméńtì tí wọ́n ti pò, ta ló máa jẹ ẹ́? Kó fi dí ti ìsàlẹ̀ náà.”

Èmi ni mo na igi ìgbálẹ̀ sí àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa gbàgbé èyíkéyìí. Nígbà tí síméńtì tán, a tún ra díẹ̀ kún un, nítorí pé a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ kan tó ti kó koríko sínú ọ̀kan padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ń fi àgógó kan ògiri. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, láńdọ́ọ̀dù dìde ní ìjọ, ó jẹ́rìí. Ó ní ìríjú rere kì í fi nǹkan ṣòfò, pé òkè ilé òun ti tutù bí ìdí àmù, pé owó iná ti ń lọ sílẹ̀. A pàtẹ́wọ́. Òtítọ́ sì ni. Òkè tutù débi pé mo sọ fún àwọn ènìyàn pé èémí ọ̀gá ọ́fíìsì náà ti dì sí ẹnu rẹ̀, pé òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ ọ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó sọ.

Ìsàlẹ̀ ni nǹkan ti yàtọ̀. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta wá. Orí ń fọ́ ìyá tó ń ṣe irun láti ọ̀sán lọ, orí ń fọ́ àwọn tó ń tẹ ìwé, gbogbo wọn ń ra oògùn orí fífọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta oògùn. Òun náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọjà ń yá, ó sì ń gbé méjì mì nínú rẹ̀ kó tó lọ sílé. Ooru ni gbogbo wa dá lẹ́bi. Èmi ní tèmi sọ fún ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ kan pé ó ti rẹ afẹ́fẹ́ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, pé tí a kò bá ṣọ́ra, ó máa bá wa sùn.

Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò nídìí ìwé tó ń gé. Ó ní, “Òjòlá ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ. Ó dáa, ó pa mí láyò.

Àkókò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi pírọ́jẹ́ẹ̀tì lé ọ̀gá wọn lọ́wọ́ ni gbogbo èyí bọ́ sí. Ẹni tí kò bá gbé àdúgbò wa kò lè mọ ohun tójú àwọn tó ń di ìwé ń rí ní àkókò yẹn. Láti Ekosodin tí wọ́n ń gbé títí dé ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n á ti máa rọ́ wá, gbogbo wọn ló ń kánjú, gbogbo wọn ló ní ọ̀gá àwọn ń rìnrìn àjò lọ́la. Wọ́n á dúró ti ọ̀rẹ́ mi lórí, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀, títí á fi gé ìwé wọ́. Ọgbọ́n tí èmi àti òun dá sí i ni pé á wọ inú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú iṣẹ́, èmi á fi àgádágodo tì í láti ìta. Ẹni tó bá rí àgádágodo á gbà pé kò wá. Èmi á jókòó síwájú ilé, n ó máa sọ ibi tó lọ fún wọn. Bó bá fẹ́ jáde, á fi rúlà onírin rẹ̀ lu ilẹ̀kùn, n ó gbọ́, n ó lọ ṣí i. A ti ń ṣe é fún ọdún púpọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ń yá, èmi náà sì ń rí ẹni gbọ́ ìtàn mi.

Sátidé kan ni. Iná ìjọba ti lọ láti òwúrọ̀, ojú ọjọ́ sì ṣú bí ìdí ìkòkò. Ọ́fíìsì òkè kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó kù rí òjò tó ń bọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn, wọ́n lọ. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló kù, torí pé ìwé kún inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé àyà, Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ gbà á. Ó tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ níbi tó máa ń wà, lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wọlé, mo tì í.

Òjò dé pẹ̀lú ìjì. Ó ń fẹ́ omi gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ó ń ta sí jẹnẹrétọ̀ lára. Ọ̀rẹ́ mi pariwo látinú ṣọ́ọ̀bù pé kí n bá òun ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí omi má bàa ba ìwé jẹ́. Mo tì í. Mo bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ já sí iwájú, ilẹ̀kùn onígíláàsì sì ti ara rẹ̀ lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan ti sá wọ abẹ́ òrùlé iwájú ilé, pírọ́jẹ́ẹ̀tì ni wọ́n bá wá. Wọ́n béèrè ọ̀rẹ́ mi. Mo ní ó ti lọ sí Iléṣà lọ sin ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin gíga kan tí kò sọ ju pidgin lọ látìgbà tó dé, béèrè ìgbà tó máa dé. Mo ní ìyẹn kù sọ́wọ́ òkú, nítorí pé òkú náà ní òun kò tíì ṣe tán. Mo ní wọ́n gbé pósí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, pósí kọ̀, kò wọlé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní àfi kí àna òun wá gbé òun pọ̀n. Mo fi Bíbélì búra fún wọn pé ojú mi báyìí ló ṣe é. Òjò ń rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sún mọ́ mi. Mo mọ ìgbà tí ìtàn bá ń dùn lẹ́nu mi, ọjọ́ náà sì ni ó dùn jù. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń gbé pósí pọ̀n ọ̀rẹ́ mi sẹ́yìn, wọ́n ti ń di ìhà mú.

Ìgbà tí mo yí orí láti sinmi ẹnu ni mo rí ilẹ̀kùn onígíláàsì. Ó ti funfun. Mo rò pé òjò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo fi ọwọ́ nù ún, kò mọ́. Inú ni funfun náà wà.

Mo wọlé. Ohun tó gbá mi lójú, mi ò lè fi nǹkan kan wé e, èmi tí mo máa ń fi gbogbo nǹkan wé nǹkan. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ ní tirẹ̀. Mo fi ẹ̀wù bo imú, mo fọwọ́ tọ ògiri títí mo fi dé ìdí rẹ̀, mo pa á. Nígbà tó dákẹ́ ni mo gbọ́ pé kò sí ìró kankan nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣí àgádágodo. Ọ̀rẹ́ mi wà nílẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé òkìtì ìwé bí ẹni tó ń sùn nínú ìjọ. Rúlà onírin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá ó lu ilẹ̀kùn, bóyá kò lù ú, èmi kò gbọ́. Òjò ń rọ̀, mo sì ń sọ ìtàn.

Mo gbá a lápá mú, mo fà á. Kò kúrò lójú kan. Mo ti sọ fún yín pé ó síngbọnlẹ̀, èmi sì jẹ́ egungun tí wọ́n wọ̀ lẹ́wù. Orí mi ń yí. Mo rí i pé tí mo bá dúró, àwa méjèèjì la máa sùn síbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀, mo jáde síta sáwọn ọmọ náà, mo ní kí wọ́n gbà mí, pé ọ̀rẹ́ mi ń kú lọ nínú ilé.

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Baba, shebi you talk say e dey Iléṣà?”

Mo ní irọ́ ni mo pa. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí i, ọ̀kan ní ṣé òkú ìyá ìyàwó ló gbé e padà wá ni. Mo fi Bíbélì búra. Mo ti fi Bíbélì búra lórí pósí. Mo fi ilẹ̀ búra, mo fi ìyá mi tó ti kú búra, wọ́n sì ń wo ara wọn, wọ́n ń dúró kí n dé ibi tí ẹ̀rín wà. Ọ̀kan ti ń fi fóònù yà mí. Mo nawọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ kí n mú òun wọnú ẹ̀tàn tí wọ́n rò pé mo dẹ síbẹ̀.

Ni mo bá dọ̀bálẹ̀. Mo na gbogbo ara mi gbalaja sínú omi òjò níwájú wọn, mo gbé àyà lé ilẹ̀. Ọmọ tí mo lè bí bàbá wọn ni wọ́n. Àwọn tó jẹ́ ará Ẹdó àti ará Delta nínú wọn tẹjú mọ́ mi, mo rò pé lójú tiwọn mo ṣubú ni, tàbí pé ìtàn náà ló ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin gíga yẹn dẹ́kun ẹ̀rín. Ó ṣe bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó ti rí ìdọ̀bálẹ̀ rí nílé wọn, ó mọ ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún, ó sì mọ̀ pé àgbàlagbà kò ní dọ̀bálẹ̀ fún òun láé láti fi ṣeré.

Ó yí sí wọn, ó ní, “Na true. Na true be that.” Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì mí, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kéré: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

Wọ́n sáré wọlé. Wọ́n wọ́ ọ jáde, ẹni kan dì í mú ní apá, ẹni kan ní ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sínú òjò ní gbangba kí atẹ́gùn lè kàn án. Ọmọbìnrin náà dá kẹ̀kẹ́ kan dúró, ó kọ̀ kó lọ. Wọ́n dì í sínú rẹ̀ bí ẹrù ọjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta, bàtà rẹ̀ kan já bọ́ sínú omi, omi sì gbé e lọ.

Kò kú. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú ní ọsibítù, ó ṣe ọjọ́ díẹ̀, ó lajú, ó dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀. A dúpẹ́ ní ìjọ. A kò mọ̀ nígbà náà pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ló padà wá.

Ẹnjiníà wá nígbà tó gbọ́. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń wo ojú ibi tí ihò wà tẹ́lẹ̀. Ó bi mí pé ta ló ní ká dí wọn. Mo sọ fún un pé síméńtì ló ṣẹ́kù. Kò bú mi, kò bú láńdọ́ọ̀dù. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó gbé ẹ̀rọ kékeré rẹ̀ lé itan, kò sì tàn án.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n fi òòlù àti irin lu gbogbo ihò ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí. Sólà tó wà lójú omi dé nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, iṣẹ́ náà dára. Jẹnẹrétọ̀ kankan kò sí nínú ilé wa mọ́. A ń gbọ́ ohùn ara wa. Ojú kò ta ẹnikẹ́ni, ọkùnrin tó ń ta oògùn ń ráhùn pé oògùn orí fífọ́ kò tà mọ́. Àwọn onílé mìíràn ń wá wò ó, láńdọ́ọ̀dù á mú wọn yíká, á fi òrùlé hàn wọ́n, á fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ hàn wọ́n. Ẹnjiníà náà ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá. Nígbà tó bá dé ibi tí ihò wà, ó máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, kì í sì í wo apá ibi tí a jókòó sí.

Torí pé àwa méjèèjì ṣì ń jókòó síbẹ̀. Àràárọ̀ ni ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ń mú un wá, torí bó bá wà nílé, ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn, á rìn bọ́ sójú títì. Ó ń jẹun, ó ń rìn, ó ń kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí o bá fún un ní ìwé kó tò ó, ìparí ni yóò fi ṣíwájú ìbẹ̀rẹ̀, á sì máa fi ọwọ́ ra á, á máa ra á, bí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́ tí kò sì rí i. Ẹni tó ń ta fóònù ló gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n mú un wá, inú mi dùn, mo fẹ́ dá a lára yá. Mo ní òjòlá yẹn ti padà sínú táńkì. Mo dúró kó dá mi lóhùn bó ṣe máa ń dá mi lóhùn. Ó wo òkè. Ẹ̀rù bà á. Kò mu omi ní gbogbo ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò mu ún ní ọjọ́ kejì, títí tí ìyàwó rẹ̀ fi ra omi inú ọ̀rá wá láti ibòmíràn, tó sì wò mí lójú. Láti ìgbà náà, òtítọ́ nìkan ni mò ń sọ fún un. Mo ń sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ kọjá. Mo ń sọ fún un pé àwọn ọmọ ilé ìwé ti jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ òtítọ́ láti kékeré kò lè mọ bó ṣe ń rẹ̀ mí tó.

Lánàá, oòrùn mú gan-an, páànù funfun àti sólà orí ilé ń tàn yanran. Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ kàn mí.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni kí n padà sídìí iṣẹ́? Àwọn ọmọ yẹn ti dúró pẹ́.”

Mo wo ṣọ́ọ̀bù náà, fóònù tí wọ́n fi okùn so rọ̀ bí ẹja gbígbẹ. Mo wá òtítọ́ tí mo lè sọ, mi ò rí. Mo ní òjò ń bọ̀.

Kò na ọwọ́ síta. Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀, ó sì wọlé.